Pontiac Vibe: Ṣé Toyota ni àbí kì í ṣe Toyota?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé girama kan l'Óṣogbo. Ọmọ mẹ́ta la bí, mo sì ń wá ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí yóò gba gbogbo wa. Ẹni tó ń ta mọ́tò fi Pontiac Vibe ọdún 2005 hàn mí, ó ní Toyota Matrix gan-an ni, pé orúkọ lásán ló yàtọ̀. Mẹkáníìkì mi ní kí n má dán an wò, pé ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá sílé, n kò sì ní rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? Báwo ni ọkọ̀ kan náà ṣe ń jẹ́ orúkọ méjì?"

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta mọ́tò, mẹkáníìkì yín náà kò sì purọ́ tán. Toyota ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, Toyota ni gíà rẹ̀, Toyota ni ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Aṣọ tó wọ̀ ni ti Pontiac, ọ̀kan lára orúkọ tí General Motors ti Amẹ́ríkà fi ń ta ọkọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n aṣọ náà ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó kówó sílẹ̀. Ohun kan tún wà nínú ọkọ̀ ọdún 2005 yẹn tí kò sí ẹni tó bá yín sọ ọ́ nínú àwọn méjèèjì. Òun ló ká mi lára jù. Màá dé ibẹ̀.

Mo rántí Vibe àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Ékòó. Ó ń gbóná, omi sì ń jò lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá tó ni ín ti lọ sí ibòmíràn kó tó wá, wọ́n sì ti sọ fún un níbẹ̀ pé Amẹ́ríkà ni wọn yóò ti ránṣẹ́ ra pọ́ǹpù omi rẹ̀, kí ó fọkàn sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Eruku àti ọ́ìlì ti dì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì bí ẹ̀kọ tó jóná mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo rẹ àkísà sínú bẹntiróòlù, mo ń nù ún díẹ̀díẹ̀, ni 1ZZ, orúkọ ẹ́ńjìnnì Toyota, bá yọ lára irin. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní kó lọ sí Ládìpọ̀, kó má dárúkọ Pontiac fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kó ṣáà ra pọ́ǹpù omi Corolla 2004. Oòrùn kò tíì kúrò ní àtàrí tó fi dé. Ihò bóòtì bára mu láìku ọ̀kan. Ọ̀gá náà dúró síwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wo àmì Pontiac tó wà níbẹ̀, ó ní, "Ta ló wá bí ẹ?"

Ìbéèrè ọ̀gá yẹn ni tiyín náà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí baba.

Baba rẹ̀ ni Toyota Corolla, tó kọ́kọ́ jáde ní Jàpáànù ní oṣù Kọkànlá ọdún 1966. Látìn ni orúkọ náà, adé kékeré ló túmọ̀ sí. Adé ni wọ́n fi ń sọmọ lórúkọ nínú ilé yẹn: Crown ti wà nílẹ̀, Corona ti wà nílẹ̀, nígbà tí Camry sì máa dé lẹ́yìn náà, inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jàpáànù fi ń pe adé ni wọ́n ti fa orúkọ tirẹ̀ yọ. Bí ilé wọn bá wà l'Óṣogbo, ọmọ Adé la ò bá máa pè wọ́n.

Tatsuo Hasegawa ni olórí àwọn tó ṣe Corolla. Iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló ń ṣe kí ogun àgbáyé kejì tó parí. Ohun kan tó máa ń sọ yóò tètè yé olùkọ́: ó ní ọkọ̀ tí gbogbo ìlú yóò rà gbọ́dọ̀ gba máàkì 80 ó kéré tán nínú gbogbo iṣẹ́, kí ó sì gbà ju 90 lọ nínú díẹ̀ nínú wọn, kí ẹni tó rà á lè ní ohun tí yóò fi yangàn. Ọmọ tó gba 100 nínú ìṣirò tó wá fìdí rẹmi nínú gbogbo èyí tó kù kọ́ ló ń wá. Nissan ti gbé Sunny jáde ṣáájú lọ́dún yẹn kan náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ju bí 1000 sísì lọ. Toyota bu díẹ̀ lé tirẹ̀, ó di 1077, wọ́n sì ń polówó káàkiri pé àwọn fi 100 jù ú lọ.

Orúkọ kejì kò pẹ́ dé. Ní 1968, Toyota fa Sprinter yọ lára Corolla. Ẹ ó bi mí pé kí ló dé. Ní Jàpáànù nígbà náà, ẹgbẹ́ alágbàtà Toyota kì í ṣe ọ̀kan, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọkọ̀ tí wọ́n yàn fún un láti tà. Àwọn tó ń ta Corolla kò gbọdọ̀ ta Crown. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, àwọn náà ń fẹ́ ọkọ̀ kékeré tí wọn yóò gbé sójú ọjà, owó láti ṣe ọkọ̀ tuntun látòkèdélẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Bí a ṣe ń ra aṣọ ẹbí ni wọ́n ṣe é: aṣọ kan náà, ẹnì kan rán bùbá, ẹlòmíràn rán gáùn. Wọ́n yí iwájú padà, wọ́n yí iná ẹ̀yìn padà, Sprinter dé. Ó wà lójú ọjà títí di 2000. Ẹ fi Sprinter sọ́kàn, nítorí òun ló gbé àṣà ọkọ̀ kan, orúkọ méjì yìí sọdá òkun.

Ibi tó sọdá sí ni Fremont, ìlú kan ní California, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. General Motors ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀ tí wọ́n tì pa ní 1982. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ kó tó di pé wọ́n tì í. Òṣìṣẹ́ ń pa iṣẹ́ jẹ, àwọn kan ń mutí lẹ́nu iṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn ọ̀gá ń wo ara wọn bí ọ̀tá, ọkọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ kò sì ṣeé fọwọ́ sọ̀yà fún. Lákòókò kan náà, Amẹ́ríkà ti fún Jàpáànù lọ́rùn láti 1981 pé kí wọ́n dín iye ọkọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé kù. Toyota rí i pé bí òun bá fẹ́ máa tajà níbẹ̀ lọ, àfi kí òun máa ṣe é níbẹ̀. General Motors ní tirẹ̀ kò rí ọgbọ́n dá tí yóò fi ṣe ọkọ̀ kékeré kí èrè sì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kìíní ní ìmọ̀, ẹnì kejì ní ilé. Eiji Toyoda àti Roger Smith, àwọn ọ̀gá àgbà méjèèjì, fọwọ́ sí àdéhùn ní 1983, wọ́n sì jọ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ nínú ọgbà tí wọ́n ti tì pa yẹn. NUMMI ni wọ́n ń pè é.

Àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ níbẹ̀ ló máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Púpọ̀ jù nínú wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti ní wọn ò wúlò! Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Takaoka ní Jàpáànù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Corolla, kí wọ́n lọ fojú ara wọn rí i. Okùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n nà gba òkè orí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá rí àṣìṣe, ì báà ṣe bóòtì kan ṣoṣo tó wọlé gbọ̀ọ̀rọ̀, yóò fa okùn náà. Olórí rẹ̀ yóò sáré wá, kì í ṣe láti bú u o, láti ràn án lọ́wọ́ ni. Bí wọn ò bá tètè rí i yanjú, gbogbo ìlà iṣẹ́ yóò dúró. Ní Fremont àtijọ́, ìlà kì í dúró nítorí ohunkóhun. Ọkọ̀ tó ní àléébù yóò kọjá lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n tún un ṣe tó bá jáde tán. Mo ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ tó pọ̀, mo sì mọ ohun tí okùn yẹn ń ṣe nínú ọkàn ènìyàn. Ọmọ iṣẹ́ tó mọ̀ pé òun lè sọ pé "ọ̀gá, mo ti ṣì í" láìjẹ pé wọ́n gbá a létí, iṣẹ́ rẹ̀ máa ń mọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1984, ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde. Chevrolet Nova, orúkọ ti General Motors, ni wọ́n kọ sí i lára. Sprinter ni lábẹ́ aṣọ. Láìpẹ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Corolla fúnra rẹ̀ nínú ọgbà kan náà. Nova kúrò nílẹ̀, Geo Prizm rọ́pò rẹ̀ ní 1989, ó wá di Chevrolet Prizm láti orí ọkọ̀ ọdún 1998 títí dé ti 2002. Ọwọ́ kan náà ló ń di bóòtì Prizm àti ti Corolla. Síbẹ̀, Corolla ń tà jù ú lọ, owó rẹ̀ ga jù, nígbà tí àwọn méjèèjì bá sì gbó, owó Prizm ló máa ń tètè já wálẹ̀. Owó orúkọ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ ra Prizm, ó sì gbádùn ẹ́ńjìnnì Corolla lówó pọ́ọ́kú. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí yín l'Óṣogbo báyìí: ẹ lọ bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń ta Matrix 2005, kí ẹ fi wé ti Vibe yín.

Ó ṣẹlẹ̀ ní Ọsirélíà náà. Ìjọba ibẹ̀ ní oríṣi ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe nílé ti pọ̀ jù fún iye ènìyàn tó ń rà á, kí àwọn ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ni Holden, tó jẹ́ ti General Motors, bá ń ta Corolla ní Holden Nova láti 1989 sí 1996.

Vibe wá dé ní 2002, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2003 ni wọ́n kọ sí àwọn àkọ́kọ́ níwèé. Wọ́n mú ìpìlẹ̀ Corolla ìgbà yẹn, wọ́n gbé òrùlé rẹ̀ sókè, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn tó ń ṣí lọ sókè sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ jókòó sínú rẹ̀ kí ẹ wò ó. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ń dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ lè gbé pákó gígùn láti búùtù dé ìdí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ike líle ni ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, bí epo pupa bá dà síbẹ̀, aṣọ ìnulẹ̀ ti tó. Mẹ́ta ni wọ́n bí lẹ́ẹ̀kan náà: Toyota Matrix, tí wọ́n ń ṣe ní Cambridge ní Kánádà, Pontiac Vibe ní Fremont, àti Toyota Voltz, tí wọ́n ṣe ní Fremont náà, tí wọ́n gbé sítíárìn rẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, tí wọ́n sì kó lọ tà ní Jàpáànù láti 2002 sí 2004. Àwọn ará Jàpáànù kò fi bẹ́ẹ̀ rà á. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti bí tiyín, ẹ ka VIN, nọ́mbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. 5Y2 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ti Vibe Fremont, 2T1 ti Matrix Kánádà.

Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, lítà 1.8, agbára ẹṣin bí 130. Ṣéènì ló ń yí i, kì í ṣe bẹ́líìtì tí ẹ ó máa pààrọ̀ lóòrèkóòrè. Bí ẹ bá rí GT lára èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ló wà níbẹ̀, 2ZZ-GE, agbára ẹṣin 180. Eré ni wọ́n ṣe é fún, epo tó dára ju èyí tí a ń rà lọ ni ó sì ń fẹ́. Èyí tí wọ́n kọ AWD sí náà, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fa ọkọ̀, kò ní pẹ́ kó ẹ̀yà ara ẹ̀yìn bá yín tí ẹ kò ní rí rà.

Ibi tí mẹkáníìkì yín ti jàre ni mo dé yìí. Ní 2009, General Motors wọ gbèsè débi pé wọ́n lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù Kẹfà, Pontiac sì wà lára ohun tí wọ́n sọ nù. Vibe ìkẹyìn jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Toyota nìkan kò fẹ́ dá ọgbà Fremont gbé. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 2010 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn NUMMI, lẹ́yìn ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́jọ. Nǹkan bí 4,700 òṣìṣẹ́ ló padà sílé. Mo mọ̀ pé mọ́tò là ń sọ, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kọ́ láti fa okùn yẹn ni wọ́n tún tú ká bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí. Tesla ló ra ibẹ̀ lọ́dún kan náà.

Nítorí náà, ẹ̀yà ara tó ní àmì Pontiac kò ní ẹni tó ń ṣe é tuntun mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bọ́ńpà, iná iwájú, iná ẹ̀yìn, bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà: ti Matrix kò wọ Vibe. Bí ọ̀kadà bá fọ́ iná iwájú yín, ẹ ó wá a dé Ládìpọ̀, ẹni tó ní in yóò sì mọ̀ pé òun nìkan ló ní in. Rédíò rẹ̀ pàápàá, ti General Motors ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé ọkọ̀ rìn, pọ́ǹpù omi, plọ́ọ̀gì, fíítà ọ́ìlì, bíréèkì, ọtanétọ̀, ẹ ra ti Matrix tàbí ti Corolla tó ní ẹ́ńjìnnì kan náà. Àwọn wọ̀nyẹn kún ojú ọjà. Shọ́ọ̀kì nìkan ni kí ẹ rí i pé ti Matrix ni wọ́n fún yín, nítorí ọkọ̀ yín ga ju Corolla lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wo ara rẹ̀ ju bí ẹ ó ṣe wo ẹ́ńjìnnì lọ. Vibe tí ara rẹ̀ pé, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe díẹ̀, sàn ju èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kọrin, tí iná rẹ̀ ti fọ́.

Ohun tí mo ní màá dé ibẹ̀ nìyí o. Vibe ọdún 2003 sí 2007, pẹ̀lú Corolla àti Matrix àwọn ọdún yẹn, wà lára ọkọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n dá padà fún àtúnṣe nítorí ẹ́àbáàgì tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe, èyí tó wà níwájú ẹni tó jókòó ti dírẹ́bà. Kẹ́míkà kan ló ń fẹ́ àpò náà jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá kẹ́míkà náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó máa ń bú gbàmù ju bó ṣe yẹ lọ, yóò fọ́ agolo irin tó wà nínú rẹ̀, irin náà yóò sì fò bí ọta ìbọn sí ojú àti ọrùn ènìyàn. Ó ti pa ènìyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin! Ibo ló kù tí ìyẹn pọ̀ tó ọ̀dọ̀ wa? Ọkọ̀ tó bá sì ti ní ìjàǹbá kó tó wọlé láti Amẹ́ríkà, ẹ kò lè mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ tàbí wọn kò fọwọ́ kàn án.

Ẹ gba VIN ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, gbogbo lẹ́tà àti nọ́mbà 17 rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ lójú pópó, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Yóò sọ fún yín bí àtúnṣe kan bá wà tí wọn kò tíì ṣe sí ọkọ̀ náà. Bí ó bá fi hàn pé ẹ́àbáàgì náà ṣì wà bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ọmọ yín tàbí ìdílé yín má jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà títí wọn yóò fi fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ fi ẹ́àbáàgì tòkunbọ̀ dí ihò rẹ̀, ẹ má gbà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú èyí tí ẹ ń sá fún gan-an ni.

Ohun mìíràn tún ni ti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwa ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì. Ní 2010, Toyota ní kí wọ́n dá Corolla àti Matrix ọdún 2005 sí 2008 tó lé ní mílíọ̀nù kan padà, Vibe àwọn ọdún yẹn náà sì wà níbẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n jó lẹ́ẹ̀dì sí nínú rẹ̀ lè là. Ọkọ̀ lè kọ̀ láti dáná láàárọ̀, gíà lè máa fò, ẹ́ńjìnnì sì lè kú lójú ọ̀nà. Mo ti rí àwọn tí wọ́n pààrọ̀ gíà odindi lásán nítorí èyí. Bí ẹ bá lọ dán Vibe yẹn wò, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, ẹ gbé e dé ọ̀nà Ìkìrun kí ẹ padà, kí ẹ pa á, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún dáná sí i.

Bí VIN bá jẹ́ 5Y2, tí ara ọkọ̀ pé, tí NHTSA sọ pé kò sí àtúnṣe tó kù, tí ó sì dáná lẹ́ẹ̀kejì láìjanpata, ẹ rà á, ṣùgbọ́n owó Pontiac ni kí ẹ san, kì í ṣe owó Toyota. Bí ẹni tó ń tà á kò bá fẹ́ fún yín ní VIN, ẹ dágbére fún un.